Omi Gbígbóná Lórí Òjò Dídì

Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Irun ti funfun lórí Themelina kó tó kúrò létí òkun fún ìgbà àkọ́kọ́, òun náà ló sì gbé korobá omi gbígbóná dání lówùúrọ̀ yìí, tó ń dà á sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà àwọn àna rẹ̀.

Ní erékùṣù Kalymnos nílẹ̀ Gíríìsì, níbi tí wọ́n bí i sí, obìnrin tí kò bá fọ ẹnu ọ̀nà kí oòrùn tó yọ, ọ̀lẹ lorúkọ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ àná ló dé abúlé orí òkè yìí, ilẹ̀ sì gbẹ nígbà náà. Ó jí, ó ṣílẹ̀kùn, gbogbo ayé ti funfun bí ẹni pé wọ́n ku ìyẹ̀fun lé e. Kò fojú kan òjò dídì rí, àfi nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó fi ìka kàn án, ó yára fa ọwọ́ padà, ó ṣe àmì àgbélébùú. Lẹ́yìn náà ló lọ gbé omi kaná. Omi kàn án, ó yọ́ wọ̀ọ̀.

"Agbára rẹ ò ju báyìí náà lọ," ó wí fún un, bí ẹni ń bá adìẹ wí.

Inú rẹ̀ dùn. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn rẹ̀ tó fẹ́ sọ lọ́sàn-án: Pothiti, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, yóò bá òun padà sílé lọ bímọ. Oyún náà ti wọ oṣù keje. Bí òjò dídì bá dí ọ̀nà mọ́ aboyún lórí òkè, ta ni yóò gbà á? Ó ti to oríkì tí yóò fi pọ́n ọn lé sílẹ̀: *Pothiti mi, ọmọ olómi iyọ̀, ọmọ ìgbì tí ń wólẹ̀ kí etí òkun, ilé là ń lọ.*

Kọfí rẹ̀ ò tíì tán nínú ife tó fi gbọ́ gbì níta.

Stergiani, ìyá ọkọ Pothiti, ló fìdí lélẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, igi ìdáná tó kó ti fọ́n káàkiri. Omi àárọ̀ ti di yìnyín, ó ń dán bíi dígí. Themelina sáré jáde sí i. Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí egungun kán.

"Ìyá Pothiti," Stergiani wí látilẹ̀, "ṣé ẹ̀yin ará òkun máa ń fọ òjò ni?"

"Ẹ dárí jì mí, Ìyá Zisis. Mo ní kí ẹnu ọ̀nà yín mọ́ ni."

"Ó mọ́. Mò ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀." Ó ń fọwọ́ pa orúnkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Zisis, ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ Pothiti, yọ láti ẹ̀yìn ilé, ó ti múra ibi iṣẹ́, níbi tó ti ń bójú tó àga tó ń gbé àwọn àlejò gun òkè kí wọ́n lè fi pákó ẹsẹ̀ yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òjò dídì. Ó wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ le.

"Ta ló da omi síbí? Aboyún ń gba ibí kọjá!"

Themelina sún síwájú láti jẹ́wọ́.

"Èmi ni," Stergiani dá a lóhùn. "Ọjọ́ orí ni. Lọ bu eérú wá dà sí i kó má yọ̀ mọ́, kó o yé jágbe mọ́ ìyá rẹ."

Zisis wọlé lọ. Themelina wo obìnrin náà. Ẹni tó ṣubú ló tún gbé ẹ̀bi rù. Ènìyàn laṣọ, wọ́n a máa wí i. Lónìí ni ó tó mọ bó ṣe ń móoru tó.

Òjò dídì náà tún bẹ̀rẹ̀. Òjò erékùṣù a máa pariwo bọ̀. Èyí ń bọ̀ jẹ́ẹ́, bí ẹni tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìró ṣọ́bìrì ń sún mọ́ wọn láti ìsàlẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń la ọ̀nà bọ̀, bẹ́ẹ̀ òjò dídì ṣì bo ẹnu ọ̀nà tiwọn.

Pothiti jáde. Ó fi gìgísẹ̀ dán eérú tí ọkọ rẹ̀ dà sórí àtẹ̀gùn wò, láì tilẹ̀ wo ilẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

"Kí ló dé tí wọn ò kọ́kọ́ la tiwọn?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Màmá, ilé tí aboyún bá wà ni gbogbo abúlé ń kọ́kọ́ la ọ̀nà rẹ̀ dé títì. Ẹni tó bá ṣáájú la tirẹ̀, wọ́n á fi ṣẹ̀sín títí ọdún á fi yípo."

"Pothiti!" bàbá arúgbó tó síwájú wọn kígbe. "Tó bá jẹ́ ọkùnrin, ṣọ́bìrì yìí logún rẹ̀!"

"Bàbá Lambros, tó bá jẹ́ obìnrin ńkọ́?"

"Á gbà á lọ́wọ́ mi, á fi lé mi kúrò níbí!"

Pothiti bú sẹ́rìn-ín. Themelina ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí òkun ti gbé bàbá rẹ̀ lọ. Ó gbàgbé oríkì tó ti tò sílẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, òjò dídì bà lé e, ó yọ́ díẹ̀díẹ̀.

Stergiani tiro wá dúró tì í.

"Mo mọ ohun tí ẹ bá wá," ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Mi ò ní bá yín du ọmọ yín."

Themelina ń wo ọ̀nà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ṣọ́bìrì ń là náà bó ti ń gùn bọ̀ láàárín funfun.

"Ìyá Zisis," ó wí nígbẹ̀yìn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi tí mo lè máa sùn títí Pothiti á fi bímọ."