Àwọ̀ Ewé fún Ọmọdé, Pupa fún Àgbà

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti jẹ́ ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò nílé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn olómi. Yàrá náà kò tóbi. Tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀, àga mẹ́jọ, fèrèsé tí a kì í ṣí nítorí eruku, àti aago ara ògiri kan tó máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún sáré. Iṣẹ́ wa kò ju pé ká yẹ ìwé pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò wò kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Òfin kan ṣoṣo la fi ń ṣe é: àwọ̀ ewé fún oògùn ọmọdé, pupa fún tàgbà.

Èèyàn mẹ́jọ ló ń jókòó sídìí tábìlì yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan náà ni mo ti kó méje wá, olùkọ́ kan náà ló kọ́ wọn, ọ̀kan kì í tíì la ẹnu tán tí èkejì á fi bá a parí ọ̀rọ̀. Ọ̀gá àgbà fẹ́ràn wọn bí ojú. Ọmọ Ìyá Méje ló ń pè wọ́n. Wọ́n á gbé ìdìpọ̀ ìwé, wọ́n á fi àtàǹpàkò ṣí etí rẹ̀ wururu, bí etí náà bá ti jẹ́ àwọ̀ kan láti òkè délẹ̀, ó parí nìyẹn. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ó yá, kò sì ní wàhálà.

Ẹni kẹjọ ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi gan-an. Òun kì í ṣí etí ìwé. Á fa ẹyọ kan yọ láàárín ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, á gbé e súnmọ́ ojú, á kà á láti orí dé ìdí, ètè rẹ̀ á máa mì, á wá fi wé orúkọ oògùn tí wọ́n kọ sára ìdìpọ̀ náà. Àwọn méje sọ ọ́ ní Kà-á-tán. Wọ́n ní òun ló dáa kí wọ́n rán lọ pe ikú, torí ikú ò ní tètè dé. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Níbi iṣẹ́, "ọ̀gá wa" ló ń pè mí, "ẹ" ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀ kí wọ́n má bàa fojú di mí. Bí a bá délé, mo di "ìwọ yìí".

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ níbẹ̀ àfi èmi ni ìdí tó fi ń kà. Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyá wa á ní kó lọ já ata tó pọ́n wá lẹ́yìnkùlé, á sì já èyí tó pọ́n àti èyí tí kò tíì pọ́n pa pọ̀ wá. Ìyá wa rò pé ìwà àfojúdi ni, ó sì gbá a létí títí ó fi sú u. Èmi àbúrò ni mo wá mọ̀ pé lójú tiẹ̀, àwọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀lé e lọ, màá máa nawọ́ sí i fún un: èyí ti pọ́n, fi tọ̀hún sílẹ̀. A ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Nígbà tí mo mú un wọ ilé iṣẹ́ wa, a ò bá wọn sọ ọ́ níbẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà mú obìnrin kan wọlé. Ìwé àmì tóótòòtó ló gbé lọ́wọ́, nọ́ńbà sì fara pamọ́ sáàárín àmì náà fún ẹni tó bá lè rí i. Ó ní òun fẹ́ dán ojú gbogbo wa wò. Ọmọ Ìyá Méje dáhùn tẹ̀lé ara wọn, ìdáhùn kan náà, bíi ti ọmọ iléèwé. Ó kan ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò ó, ó dorí ìwé náà kodò, ó tún wò ó.

"Mi ò rí nọ́ńbà kankan," ló wí. "Tóótòòtó ni mo rí."

Ọ̀gá àgbà yíjú sí mi. "Ẹni tí kò mọ àwọ̀ ló ti ń yẹ àwọ̀ wò fún mi láti ọdún mẹ́sàn-án? Ṣé ẹ mọ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà," ni mo wí.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: ipò mi ni mo ń dáàbò bò. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, kò sì pẹ́ tó fi gbójú kúrò. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n tèmi kò tilẹ̀ dún. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà ni mo fọwọ́ sí ìwé tí a fi lé e. Ó fọ ife rẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó dúró títí àwọn méje fi jáde. Ó wá ní, "Ó dàbọ̀, ọ̀gá wa. Ẹ kú iṣẹ́." Àwa méjì péré la wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ara mi ti kú. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo ń dé ibi iṣẹ́ lásìkò. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún mi, màá kọ́kọ́ béèrè ẹni tí wọ́n ń gún. Mi ò lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi, òun náà ò wá sí tèmi.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn tó lọ, ẹni tó ń tẹ ìwé gbé bébà aláwọ̀ ewé sórí ẹ̀rọ, kò sì rántí pé ọ̀rọ̀ oògùn àgbà ló ṣì wà nínú ẹ̀rọ náà. Síbí ńlá méjì ló tẹ̀ síbi tó yẹ kó tẹ ìdajì síbí kékeré. Àwọn méje gbé ìdìpọ̀, wọ́n ṣí etí rẹ̀ wururu. Àwọ̀ ewé láti òkè délẹ̀. Ojú mẹ́rìnlá ló wò ó, mo fi tèmi méjì kún un, a sì ní kó máa lọ. Ìyá ọmọ kan níta ló ka ìwé náà dáadáa, ó sì ṣe gẹ́gẹ́ bó ṣe kà á.

Ọmọ náà sùn fún ọjọ́ méjì. Ó jí lọ́jọ́ kẹta, Ọlọ́run ṣeun. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ó jí, mo ní "a dúpẹ́", mo sì ń bá ohun tí mò ń kọ lọ.

A kó gbogbo ìgò náà padà. Ọ̀gá àgbà wá gbé ìwé àkọsílẹ̀ àṣìṣe sílẹ̀ níwájú mi, ó ṣí i lójú ewé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Irú àṣìṣe yìí gan-an ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta rí, kò sì sí èyí tó jáde kúrò ní yàrá wa. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

Ọ̀gá àgbà pa ìwé náà dé. "Torí pé kò rí àwọ̀ ló ṣe ń kà á," ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Àwa tá a rí àwọ̀, kí la fẹ́ máa kà sí? Ẹ lọ pè é wá."

Mo lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó kí mi dáadáa, ó fún mi lómi. Ẹ̀gbọ́n mi ti ríṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan, àṣìṣe ló ń wá nínú ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Mo jíṣẹ́ ọ̀gá àgbà fún un, mo ní òun gan-an ni wọ́n nílò.

"Irú mi ni wọ́n nílò," ló wí, "irú mi sì pọ̀ nígboro. Ẹ wá ẹni tó ń lo awò ojú. Ẹ wá ẹni tó ti tọ́mọ. Ẹ wá ẹni tí kò bá àwọn méje yẹn lọ ilé ẹ̀kọ́ kan náà, kó lè máa bá wọn jiyàn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, bọ̀dá mi?"

"Iṣẹ́ kọ́ ni mò ń sá fún. Nínú gbogbo ayé, ìwọ lo mọ bí ojú mi ṣe rí jù. O wá ní o ò mọ̀. Bí mo bá padà wá jókòó síwájú rẹ, ta ni kí n máa pè ọ́?"

Mo fẹ́ sunkún, ẹkún ò wá. Mo mu omi náà tán, mo sì lọ sílé.

Ohun tó ní ká ṣe náà la ṣe. Mo dá mẹ́ta nínú àwọn méje sí yàrá mìíràn, mo gba tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, télọ̀ kan tí ojú rẹ̀ mọ ìlà tó bá wọ́, àti ìyá ọlọ́mọ méjì kan. Ìyá ọlọ́mọ yìí ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tó fi béèrè pé, "Síbí wo lẹ ní kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n? Síbí ilé mi tóbi ju ti ilé ìyá mi lọ." Ọdún mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni ò béèrè bẹ́ẹ̀ rí. A bẹ̀rẹ̀ sí fi síbí kékeré sínú páálí kọ̀ọ̀kan, àwọn ilé ìtajà oògùn tó ti sá fún wa sì ń padà bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ariwo pọ̀ ní yàrá wa báyìí. Wọ́n ń jiyàn láti àárọ̀, iṣẹ́ sì falẹ̀ díẹ̀. Tíṣà á ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́." Wọ́n á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ń ra oògùn fún ilé ìwòsàn wá wò wá. Ọ̀gá àgbà kó wọn wọ yàrá wa, ó nawọ́ sí mi, ó ní èmi ni mo ronú ètò náà. Ó ní kí n dìde, kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé pé bí gbogbo èèyàn bá ń wo nǹkan bákan náà, ohun kan náà ni gbogbo wọn ò ní rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbàlagbà kan láàárín wọn rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ọ̀rọ̀ yín jinlẹ̀," ló wí. "Níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

"Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mà. Ibí ló ti ṣiṣẹ́."

"Ṣé ó wà nítòsí, ká kí i?"

"Kò sí níbí mọ́," ni mo wí. "Kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Láti kékeré ni mo ti mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bi mí, mo ní mi ò mọ̀, èmi náà ni mo sì fọwọ́ sí ìwé tí a fi lé e."

Ọ̀gá àgbà ní kí n jókòó. Ibẹ̀ ló ti wá dùn mí. Ó dùn mí wọnú egungun, mo sì sunkún níwájú gbogbo wọn, tíṣà ló fà mí jáde.