Àdúrà Lórí Sàréè Asa

Ọ̀bẹ ti gé Orpa lọ́wọ́ kí ó tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí búrẹ́dì. Kò dùn ún. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ gé ara ẹ pa ni?" Hulda, aládùúgbò rẹ̀, já ọ̀bẹ gbà. "Lọ jókòó."

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ tí àwọn obìnrin ìjọ máa ń pàdé rán kúbùsù alábùlẹ̀, ilé Orpa ló sì kàn. Wọ́n ní kó fi sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí ibà pa Asa, ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ń fún wàrà màlúù, ó ń dáná, ó ń kí èèyàn, ṣùgbọ́n ṣe ni gbogbo rẹ̀ dà bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Orpa kò sunkún, kò sì ríran.

Pásítọ̀ Pruitt wọlé, ó ṣí fìlà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, tó ń fi ẹṣin yí àwọn ìlú tuntun pápá Kansas ní Amẹ́ríkà ká. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ẹ kú ìrọ́jú, ìyáàfin. Wọ́n ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbàdúrà ìsìnkú?"

"Èmi ni."

"Ṣé kò sí ọkùnrin nílùú ni?"

"Wọ́n wà, Pásítọ̀," Hulda dá sí i. "Ẹ̀rù ibà ló ń bà wọ́n. Àwa la gbẹ́lẹ̀, àwa la gbé e sin."

Àwọn obìnrin kan bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìjọ kò fi iṣẹ́ yẹn lé obìnrin lọ́wọ́; òun yóò tún àdúrà náà gbà bó ṣe yẹ, Orpa yóò sì ṣèlérí pé òun kò ní dán irú ẹ̀ wò mọ́.

"Bí ẹ bá ṣe fẹ́," ni Orpa wí.

Gbogbo wọn gun òkè ẹ̀yìn ìlú, afẹ́fẹ́ ń fa yẹ̀rì wọn. Pásítọ̀ ṣí ìwé.

"Olúwa, gba ìránṣẹ́ rẹ, Asafu..."

"Asa."

"Ẹ má bínú. Asa."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára, ó lọ geere, kò sì kan Orpa lára. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Orpa kò mọ àdúrà kankan. Ó kàn sọ fún Ọlọ́run pé ọkùnrin yìí máa ń hanrun, pé ẹ̀rù àrá máa ń bà á, kí Ó ní sùúrù fún un.

"Àmín. Ìyáàfin, ìlérí yín ńkọ́?"

Kó tó dáhùn, Marta, ìyàwó alágbẹ̀dẹ, sáré gòkè wá. "Ìyá ọkọ mi! Ó ti ń lọ!"

"Mo ń bọ̀," ni Pásítọ̀ wí, ó sì pa ìwé dé.

Marta gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òpó, ó di Orpa mú. "Ìwọ ló ń pè. Ó ní kó o wá sọ òun fún Ọlọ́run, bó o ṣe sọ Asa."

Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì òkè kí Orpa tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀: "Kí ni ìyá fẹ́ràn? Kí ló máa ń bà á lẹ́rù?"

Marta ń mí hẹlẹhẹlẹ. Orpa rọra dẹsẹ̀ dè é. Ó yà á lẹ́nu bó ṣe ń wu òun tó láti gbọ́ èsì náà.