Bàtà Tí Mo Wọ̀ Lọ Wẹ Ẹsẹ̀

Lọ́dọọdún, tí a bá ti jẹ búrẹ́dì, tí a mu wáìnì tán ní ìjọ wa ní àfonífojì Kentucky yìí, a máa ń wẹ ẹsẹ̀ ara wa. Obìnrin a wẹ ti obìnrin, ọkùnrin a wẹ ti ọkùnrin. Ẹni tó bá kọ̀, wọ́n á ní ó ń bá ẹnì kan yodì ni.

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni yodì. Ẹsẹ̀ mi ni. Ó ti sú láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ojúgun, ó pọ́n, ó lé ròrò, ó ń yún mi. Mo rò pé kúrúnà ni. Ta ni yóò tún jẹ oúnjẹ tí èmi Delphie bá sè wá sí ìjọ? Mo fi ìbọ̀sẹ̀ gígùn bò ó, mo jókòó sẹ́yìn, mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Àfi bí Arábìnrin Orpha, àgbà wa, ṣe so aṣọ ìnura mọ́ ìdí, tó gbé abọ́ omi síwájú mi. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti bọ́ bàtà mi, ó gbé bàtà náà lé itan rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì."

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó lè ràn yín ni."

Ó fa ìbọ̀sẹ̀ náà wálẹ̀. Ocie tó jókòó tì mí na ọrùn, ó wò ó, ó sún kúrò. "Delphie, ṣé o kì í wẹ̀ ni?"

Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbójú sí.

Orpha ò tiẹ̀ wo Ocie. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ mi. "Wo bó ṣe tò ní ìlà ìlà, bíi pé wọ́n fi pàṣán fà á. Kúrúnà kì í rí báyìí. Ìtàkùn ewé mẹ́ta, tó máa ń yúnni bíi wèrèpè, ló nà ọ́. Ibo lo rìn sí?"

"Itẹ́ òkú ni, mà. Èmi ni mo ro etí ọgbà rẹ̀."

"Omi inú ìléròrò yìí kì í ran ẹnikẹ́ni. Oje ewé yẹn ló ń jà, ó sì máa ń pẹ́ lára nǹkan. Bàtà wo lo wọ̀ lọ?"

Mo fi ìka tọ́ka sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́. Ó wo bàtà tó wà lórí itan rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó rọra gbé e sílẹ̀, ó bọ́ sí ìta, síbi ẹ̀rọ omi. Orin ń lọ, àwọn obìnrin ń wò mí. Mo rò pé kò ní padà.

Ó padà, tòun tọṣẹ. Ó wẹ ẹsẹ̀ mi, ó nù ún. "Ó kàn ọ́. Lọ fọ ọwọ́ tìẹ náà. N ò fẹ́ máa họra wọ sàréè."

Mo fọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Mo kúnlẹ̀, mo wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, mi ò gbójú sókè. Nígbà tó fà mí mọ́ra, bí a ṣe máa ń ṣe, n kò lè dì mọ́ ọn. Mi ò mọ̀ bóyá oje náà ti wà lára aṣọ mi.