Ìbọn Tí Kì í Wúkọ́

Ọdẹ́jìnmí bá àwọn ìbọn náà nílẹ̀ nínú yàrá ìyá rẹ̀. Orí ẹní ni wọ́n tẹ́ wọn sí, wọ́n sì fi aṣọ bò wọ́n dé àyà bí ẹni tí ibà ń ṣe. Òòrùn ọ̀sán wà nínú yàrá náà. Kò gba ojú fèrèsé wọlé, orí àga ló jókòó sí, tó ń tàn. Ọdẹ́jìnmí ní kó sún fún òun díẹ̀. Ó sún, òun náà sì jókòó.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán an kì í ṣe iṣẹ́ tó ta kókó. Òun ni olórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ igbó Abà Ọ̀dàn. Àwọn ajínigbé ti sọ igbó náà di ilé, wọ́n ń gbé àgbẹ̀ lọ lójú iṣẹ́, wọ́n sì ń gbọ́ ìró ṣakabùlà àwọn ọdẹ láti òkèèrè. Bí ìbọn bá ti dún báyìí, wọ́n ti mọ ibi tí ọdẹ sá pamọ́ sí, ọta ni wọn a sì fi dá a lóhùn. Ìlú wá fẹnu kò pé kí wọ́n wá ìbọn ìgbàlódé kan tí wọ́n lè de irin gbọọrọ kan mọ́ lẹ́nu, irin tí í gbé ohùn ìbọn mì. Agbóhùnmì ni wọ́n ń pe irin náà. Wọ́n ní kí Ọdẹ́jìnmí lọ yan ìbọn tó bá irin náà lára mu, kí Làmídì sì bá a lọ.

Làmídì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Bí ọ̀kan bá sun iṣu, èkejì ni yóò wá epo. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọdẹ́jìnmí fi máa wọ yàrá náà, Làmídì ti wà níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ti bọ́ bàtà, ó sì ti fi fìlà rẹ̀ kọ́ ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìṣó tí àlejò kì í rí. Ọdẹ́jìnmí wo fìlà náà títí.

Obìnrin tó ni àwọn ìbọn náà ń jẹ́ Arínpé. Àgbàlagbà ni, gèlè dúdú ló wé, ó sì pọn ilẹ̀kùn kan sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn náà a sunkún díẹ̀, obìnrin náà a sì fọwọ́ gbá a nídìí títí yóò fi dákẹ́.

“Méjì ló kù,” ló wí. “Àwọn yòókù ti ní olówó orí.”

Ó ká aṣọ kúrò lára ìbọn àkọ́kọ́. Ìbọn náà wúkọ́.

“Èyí kò wúwo,” ni Arínpé wí. “Bí ẹ bá yìn ín, èéfín rẹ̀ ni yóò sáré padà wá sínú ìdí rẹ̀ láti ti ọta tuntun sẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi agbóhùnmì dí i lẹ́nu, èéfín ò rọ́nà iwájú gbà mọ́. Ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ máa padà sí, ojú àti imú ẹni tó yìn ín.”

“Mo jẹ́ olóòótọ́,” ni ìbọn náà fi ohùn híhá sọ. “Ohun tí mo bá jẹ, mo ń bu tirẹ̀ fún ẹni tó gbé mi.”

“Ìkejì ní písítìnì,” ni Arínpé ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, “irin tó ń lọ tó ń bọ̀, bíi ti inú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà. Èéfín a ti irin, irin a ti ọta, èéfín a sì gba iwájú jáde lọ. Kò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Kókó kékeré kan wà lọ́wọ́ iwájú tí ẹ lè yí láti dín agbára èéfín náà kù, bí agbóhùnmì bá ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wúwo lórí díẹ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn.”

Ọdẹ́jìnmí bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìbọn kejì yìí, ó kí i. Kò dáhùn.

“Ṣé odi ni?” ló béèrè.

“Kì í sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tí kò bá mọ̀,” ni Arínpé dá a lóhùn.

Ọdẹ́jìnmí rí i pé bí obìnrin náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀, Làmídì ni ìbọn náà kọjú sí.

Ògiri yàrá náà ti lọ. Iyanrìn etí odò ni wọ́n dúró lé, ẹní àwọn ìbọn ṣì wà nílẹ̀, àga tí òòrùn jókòó sí ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n igi ìrókò àti igi arère ti dúró níbi tí àpótí ìyá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ọdẹ́jìnmí mọ odò náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọdẹ́rìndé, lọ́dún tó kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Làmídì ló gbé e wálé léjìká. Ó ní àwọn ajínigbé ló pa á, ó ní òun bá a nílẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró ìbọn lọ́jọ́ náà. Gbogbo ayé ti gbà á bẹ́ẹ̀, Ọdẹ́jìnmí náà gbà á, ó sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Làmídì.

Ọ̀gán ńlá kan wà ní òdìkejì odò. Arínpé ní kí wọ́n máa yin àwọn ìbọn náà sí i wò. Ọ̀gán náà ní òun ò ní nǹkan mìíràn tí òun ń ṣe.

Làmídì ló kọ́kọ́ gbé ìbọn àkọ́kọ́. Arínpé bá a de agbóhùnmì mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó yìn ín, ìró rẹ̀ kò ju ti aṣọ tútù tí èèyàn gbá mọ́ òkúta lọ. Ṣùgbọ́n èéfín dúdú padà wálé, ó bò ó lójú. Làmídì wúkọ́ títí ó fi tẹ̀ síwájú, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó sun ata.

Ó gbé ìbọn kejì, ó sì fúnra rẹ̀ de agbóhùnmì náà mọ́ ọn lẹ́nu. Arínpé kò tíì sún mọ́ ọn tí àtàǹpàkò Làmídì fi wá kókó kékeré náà kàn, ó sì yí i. Kò wò ó. Ó yí i bí ènìyàn ti í yí kọ́kọ́rọ́ ilé ara rẹ̀.

“Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?” ni Ọdẹ́jìnmí béèrè.

“Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n,” ni Làmídì wí.

Ó yìn ín. Ìbọn náà kò dún ju kí wọ́n pa ìdérí àpótí dé. Kò sí èéfín tó padà, Làmídì kò sì wúkọ́. Ṣùgbọ́n bí ọta ti ń kọjá lórí omi, ó sọ̀rọ̀ tirẹ̀ lójú ọ̀nà: ṣẹ́, bí ẹ̀ka gbígbẹ tí èèyàn ṣẹ́ mọ́ orúnkún.

Ọdẹ́jìnmí ti gbọ́ ìró yẹn rí. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, ó wà nísàlẹ̀ odò, ó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, nǹkan kan sì dún ṣẹ́ lókè igbó. Ó rò pé ọ̀bọ ló ṣẹ́ ẹ̀ka. Ó fọ ẹsẹ̀ kejì.

“Ohùn ìbọn la lè gbé mì,” ni Arínpé wí, ó ń rẹ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́kún. “Ohùn ọta kò sí níkàáwọ́ wa.”

Ọdẹ́rìndé fẹsẹ̀ la odò náà kọjá wá bá wọn. Ó ti kú, ṣùgbọ́n kò yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n kàn sún kó lè ráyè jókòó. Ó wọ aṣọ ọdẹ rẹ̀, ó mú igbá omi kan dání. Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ kí i. Ọdẹ́jìnmí dìde. Làmídì wà nílẹ̀ pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, ó kọjú sí iyanrìn, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun. Nígbà tó sì dìde, ó wí pé omi odò náà ti fà lọ́dún yìí. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè omi.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Ọdẹ́jìnmí wí, “ta ló yìnbọn lù yín?”

Ọdẹ́rìndé mu omi. Omi náà kò dín nínú igbá.

“Ẹni tó yìnbọn lù mí kò wúkọ́,” ló wí.

Ọdẹ́jìnmí yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Làmídì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú tó pọ́n.

“Mo wúkọ́,” ni Làmídì wí. “Gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ.”

“O wúkọ́ nígbà tó o yin ti àkọ́kọ́. O ò wúkọ́ nígbà tó o yin ìkejì,” ni Ọdẹ́jìnmí wí. Ọdẹ́rìndé sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Làmídì.

“Kò sẹ́ni tí í wúkọ́ nídìí ìkejì. Ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn.” Ó na ìbọn náà sí i. “Gbà, ìwọ náà yìn ín.”

Ọdẹ́jìnmí kò fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti gbà á. Ìbọn náà wúwo lórí lóòótọ́. Ó tún lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó fojú sun ọ̀gán, ó yìn ín. Kò tì í léjìká. Atẹ́gùn tútù ni ojú rẹ̀ rí. Ó mí sínú, ó ń retí ikọ́. Ikọ́ kò wá. Ó gbìyànjú láti fipá wú u, ó ṣí ẹnu, ó fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́ kedere bí ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Ọdẹ́rìndé ń wò ó. Ó wá ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bó ti ṣe sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Làmídì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi àbúrò yín nìyí,” ni Ọdẹ́jìnmí wí.

“Mo gbọ́,” ni Ọdẹ́rìndé wí. Kò sì padà sún mọ́ ọn. Ohun tó dun Ọdẹ́jìnmí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Wọ́n ti padà sínú yàrá. Àwọn ìbọn ti sùn, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ọdẹ́rìndé kò bá wọn dé, ṣùgbọ́n ibi tó jókòó sí lórí iyanrìn wà níbẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó tẹ̀ wọnú. Arínpé ní kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n ń mú, torí ilẹ̀kùn òun ti ń tòògbé.

“Àkọ́kọ́,” ni Ọdẹ́jìnmí wí.

Làmídì rọra wò ó. “Èyí tó ń bu èéfín síni lójú?”

“Òun ni.”

“Ọdẹ́jìnmí, gbọ́ mi. Wọ́n gbé ìyá Fádèyí lọ lóko ẹ̀pà, ó ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ tá a bá rí ibi tí wọ́n dè é mọ́, àá dùbúlẹ̀ sẹ́yìn igi, o máa yìn lẹ́ẹ̀kan, ikọ́ á mú ọ, ojú rẹ á fọ́, wọ́n á gbọ́ wa. Ṣé ikọ́ lo fẹ́ fi gbà á sílẹ̀?”

Òótọ́ ni. Ọdẹ́jìnmí mọ̀ pé òótọ́ ni, ohun tó sì ń bà á lẹ́rù nìyẹn, pé láti ìgbà tí wọ́n ti dé ibẹ̀, Làmídì kò tíì sọ irọ́ kan tó lè dì mú.

“Ẹni tó bá yin èyí, a ó mọ̀ ọ́n,” ló wí. “Bó bá délé, a ó rí i lójú rẹ̀.”

“Àwọn ajínigbé ni wọ́n ní ká wá mọ̀, àbí ara wa?”

Arínpé tú ọ̀já, ó sọ ilẹ̀kùn náà kalẹ̀, ó gbé e ti ògiri níbi tí ilẹ̀kùn kò sí rí. Ó wo Ọdẹ́jìnmí bí ìyá ti í wo ọmọ tó purọ́ oúnjẹ.

“Bàbá ọdẹ,” ló wí, “ta lẹ ń ra ìbọn yìí torí rẹ̀? Ṣé torí àwọn tó wà nínú igbó ni, àbí torí Làmídì?”

Làmídì náà ń retí ìdáhùn. Ojú rẹ̀ ṣì pọ́n, ó ń bojú wò ó tìfẹ́tìfẹ́ bó ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá sọnù sínú igbó, tó ń retí kí Ọdẹ́jìnmí sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Ọdẹ́jìnmí ṣí ẹnu.

Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló jí i. Ilẹ̀ ti mọ́ gbangba. Ayọ̀ká dúró lórí rẹ̀, ó ti múra ọjà.

“Ẹ dìde,” ló wí. “Ọ̀rẹ́ yín ti dé. Ó ní òní lẹ jọ ń lọ yan ìbọn ìlú.”

Ọdẹ́jìnmí gbọ́ ohùn Làmídì lóde, ó ń kí àwọn ará ilé kejì, ó ń bi wọ́n bí wọ́n ti jí. Ohùn tó ti mọ̀ láti ogójì ọdún ni. Ó dùbúlẹ̀, ó ń gbọ́ ọ, kò sì lè dìde.

“Sọ fún un pé mo ti lọ,” ló wí.

“Ibo?”

“Sọ fún un pé mi ò sí nílé.”

Ayọ̀ká wò ó. Kò tíì gbọ́ kí ọkọ rẹ̀ purọ́ fún Làmídì rí. Ṣùgbọ́n ó da ìborùn rẹ̀ lé èjìká, ó sì jáde.

Nígbà tó ṣe, ọ̀kadà Làmídì dún. Ọdẹ́jìnmí dìde wàyí, ó sún mọ́ fèrèsé, ó fi ìka kan ṣí aṣọ tó bò ó díẹ̀. Làmídì ti yí ọ̀kadà sí ojú títì. Láti ojú fèrèsé, Ọdẹ́jìnmí rí ara rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn Làmídì, nínú ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú níbàdí, ó sì gbé àgbọ̀n lé e léjìká bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. Ayọ̀ká dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí wọn.