Jíjáde Ò Gba Tíkẹ́ẹ̀tì

Géètì kẹta ké bí ọmọ tí wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀, iná pupa sì là gbàà lójú ẹni tó dúró síwájú rẹ̀.

"Ọmọ Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì!" ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Aláwàdà pariwo láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ọmọ rẹ ń sunkún o! Wá gbé e pọ̀n!"

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ò tètè dáhùn. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lójú fóònù, ó ku díẹ̀ kó tẹ ibi tí ọ̀rọ̀ á gbà lọ. Ohun tó kọ síbẹ̀ ò gùn. "Olólùfẹ́ mi, má dúró dè mí. Mi ò lè fi Bàbá sílẹ̀. Dárí jì mí." Àtàárọ̀ ló ti ń kọ ọ́, tó ń pa á rẹ́, tó tún ń kọ ọ́. Omijé ti kán sójú fóònù náà, ó sì ti fi etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nù ún. Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ tó kún abẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó máa ń dùn ún kà bí obìnrin bá ń kọ olólùfẹ́ sílẹ̀ nítorí òbí. Òjò á máa rọ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ aṣọ ojú fèrèsé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí géètì ti ń ké.

Ó ti fóònù bọ àpò. "Mò ń bọ̀!"

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà fún, káfíńtà ni. Òun ló kan àwọn àga tuntun inú gbọ̀ngàn eré yìí, àárín ariwo òòlù ni ojú àwọn méjèèjì sì ti kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin. Ó ti rí iṣẹ́ ńlá sí ìlú mìíràn, ìrọ̀lẹ́ òní ni mọ́tò rẹ̀ máa gbéra. "Bó o bá ń bọ̀, wá bá mi ní ibùdókọ̀, ká lọ di tọkọtaya," ló wí. "Bó ò bá bọ̀, sọ fún mi, kí n má máa wo ọ̀nà." Ọ̀dọ́mọbìnrin náà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bó bá gbọ́ tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ igi níbikíbi, àyà rẹ̀ á sọ kúlú. Ṣùgbọ́n Bàbá ńkọ́?

Bàbá ni egungun tó há a lọ́fun. Kí ẹ̀rọ tó dé, Bàbá ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí. Á gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ èèyàn, á ya á sí méjì, á dá ààbọ̀ padà, á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á na ọwọ́ sínú ilé. "Ẹ máa wọlé. Ẹ gbádùn ara yín o." Bó ṣe ṣe é títí irun rẹ̀ fi funfun nìyẹn. Ìgbà tó yá, wọ́n gbé àwọn géètì náà dé, wọ́n ní kí ọwọ́ má kan ọwọ́ mọ́. Oníkálukú á fi kóòdù inú fóònù rẹ̀ han ojú ẹ̀rọ, iná aláwọ̀ ewé á tàn, géètì á ṣí, ẹnìkan á kọjá, á tún pa dé. Wọ́n ní kí Bàbá lọ sinmi. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà délé, ìbéèrè kan péré ni Bàbá bi í.

"Ṣé ó máa ń kí èèyàn?"

"Ó máa ń tan iná ni, Bàbá."

"Iná," ni Bàbá wí.

Àfi bí orúnkún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá, tó sì di ẹni tó ń tọ̀pá nínú yàrá. Ìyá ti kú tipẹ́, àwọn méjèèjì ló kù fúnra wọn. Bí ọ̀dọ́mọbìnrin náà bá ti ń kúrò níbi iṣẹ́, eré ló ń sá lọ sílé, kó lè gbé oúnjẹ fún Bàbá, kó fi òróró pa á lórúnkún. Ní gbogbo Sátidé, Bàbá á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a wọ́ orúnkún náà. Kò tíì dárúkọ Káfíńtà fún un rí. Ẹni tó pàdánù ìyàwó, tó tún pàdánù iṣẹ́, ẹnu wo lèèyàn fẹ́ fi sọ fún un pé ó ku ọmọ?

Bó ṣe ń yára lọ síbi géètì kẹta, obìnrin kan tó gbàgbé ìgò omi ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ fà á láṣọ. "Jọ̀ọ́, ṣé mo tún máa fi fóònù hàn án kí n tó jáde?"

"Rárá, mà. Jíjáde ò gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣáà máa rìn lọ bá a, á ṣí fúnra rẹ̀."

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ. Bí gbogbo wọn ṣe máa ń wò ó nìyẹn.

Ní géètì kẹta, èèyàn ti tò lọ rẹrẹ. Níwájú wọn ni ọkùnrin kan tó dé fìlà aláró dúró sí, tó kẹ́yìn sí i, tí òórùn lọ́fíńdà ń ti ara rẹ̀ jáde. Ó tẹ̀ ba, ó gbé ẹnu sún mọ́ ojú ẹ̀rọ, ó ń bẹ ẹ́.

"Jọ̀ọ́, a jọ wá ni. Ìyáàfin tó wọlé yẹn, èmi àti òun la jọ wá."

Ẹ̀rín bú lórí ìlà.

"Bàbá, ẹ̀rọ ni o! Kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀!"

"Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un wò, bóyá á gbà!"

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá arúgbó yìí ti fi kóòdù han ẹ̀rọ, géètì sì ṣí, ṣùgbọ́n dípò kó kọjá, ó yẹ̀ fún ẹni tó bá a wá pé kó kọ́kọ́ máa wọlé. Géètì ò mọ ọmọlúàbí. Ẹnìkan kọjá, ó pa dé. Ní báyìí, kóòdù kan náà ló tún ń fi hàn án, ẹ̀rọ sì ń sọ pé ẹni tó ni ín ti wọlé. Látìgbà tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, kò rí ẹni tó ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bí géètì bá ti ṣí, ṣe ni kálukú máa ń já wọlé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ta ló máa ń yẹ̀ fún ẹlòmíràn? Ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀ láyé yìí tó máa ń yẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó máa ń na ọwọ́...

"Ẹ má bínú, sà," ó wí, "ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó."

Ọkùnrin náà yíjú padà.

Bàbá rẹ̀ ni.

Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò rántí pa á dé. Bàbá tó fi sílẹ̀ lórí àga láàárọ̀, tó bò lẹ́sẹ̀, tó ń kérora bó bá fẹ́ dìde, òun ló dúró ṣánṣán síwájú rẹ̀ yìí, ó ti gé irùngbọ̀n, bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí. Bàbá tó máa ń sọ pé lẹ́tà inú fóònù ń lúwẹ̀ẹ́ lójú òun! Ìbéèrè rọ́ dé ọ̀fun ọ̀dọ́mọbìnrin náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n há síbẹ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn ló ráyè yọ jáde.

"Bàbá, ọ̀pá yín dà?"

Bàbá wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀, bí ẹni pé ó yẹ kí ọ̀pá náà wà níbẹ̀. "O ní géètì ẹ̀yìn ni wọ́n fi ọ́ sí lónìí."

"Wọ́n pààrọ̀ wa."

"Háà," ni Bàbá wí.

"Ṣé mi ò sọ fún ọ?" Ohùn obìnrin ló wá láti òdì kejì géètì. "Mo ní, ìwọ ọkùnrin yìí, kọ́kọ́ wọlé. O tún lọ yẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣì ń sanwó fún!"

Ìwọ. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó tún pe Bàbá ní ìwọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà yí ojú síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á láti wò ó. Ojú obìnrin náà kò ṣàjèjì, àfi pé àárín fèrèsé ló ti máa ń rí i. Màmá Fèrèsé ni, obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé ìta, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Bàbá. Pẹ̀lú gbogbo ọdún tó fi ń kí i, kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. Bàtà pupa ló wọ̀.

"Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o," ni Màmá Fèrèsé wí, ojú sì tì í bí ọmọge. "Ṣé wàá jẹ́ kó wọlé, àbí ìta lo máa tì í mọ́?"

"Àwa náà fẹ́ wo eré o!" ẹnìkan kígbe lórí ìlà.

Ọkàn rẹ̀ ti fò lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ iṣẹ́. Ó gba fóònù lọ́wọ́ Bàbá, ó fi ìka fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kóòdù kejì tó wà lábẹ́ àkọ́kọ́ yọjú. Iná aláwọ̀ ewé tàn, géètì ṣí. Bàbá wo géètì, ó wo ọmọ rẹ̀, díẹ̀ ló sì kù kó tún yẹ̀ fún un.

"Ẹ wọlé, Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́!"

Bàbá wọlé.

"Bá mi dúró síbí," ọ̀dọ́mọbìnrin náà sọ fún Aláwàdà. "Bàbá mi... Màmá Fèrèsé... ṣé ìwọ rí wọn?"

"Mo rí wọn kẹ̀. Ní gbogbo Sátidé." Aláwàdà ò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá. "Mo tiẹ̀ rò pé ìwọ lò ń bá wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó mà ju èje lọ o. Gbogbo Sátidé! Ó wá yé e pé ibi tí wọ́n ti ń wọ́ orúnkún ò jìnnà sí géètì tí òun fúnra rẹ̀ ń nù lójoojúmọ́.

Ó bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n dúró bí ọmọ ilé-ìwé tí ọwọ́ tísà tẹ̀. Màmá Fèrèsé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹnu ọ̀nà lòun máa ń wà, fèrèsé lèmi máa ń wà. Ìlà èèyàn ló máa ń wà láàárín wa. Bí ìlà bá tán, eré ti bẹ̀rẹ̀, kálukú á gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. 'Ẹ gbádùn ara yín o.' Lọ́jọ́ tí wọ́n lé wa, àwa méjèèjì la gbé báàgì jáde, kò sí ìlà kankan níbẹ̀ mọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ní kí òun bá mi gbé báàgì mi."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà yíjú sí Bàbá. "Orúnkún ńkọ́?"

"Ó dùn mí lóòótọ́, níbẹ̀rẹ̀." Bàbá ń wo bàtà dídán rẹ̀. "Nígbà tó yá, ó san."

"Ó san, ẹ wá ń tọ̀pá kiri nínú ilé?"

"O máa ń sáré wálé," ni Bàbá wí. "Bó o bá ń fi òróró pa á, wàá máa kọrin lábẹ́ ètè. Mo ní, ọmọ yìí ò lọ síbì kankan, ẹnìkan ò sì wá a wálé rí. Bí mo bá wá sọ pé ara mi ti dá, kí ni yóò kù tí yóò máa sáré wálé wá bá?"

Ọ̀rọ̀ náà bá a láìrò tẹ́lẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn gbé ẹsẹ̀ sókè láti gun àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rín àti ẹkún jọ ń du ẹnu rẹ̀.

"Bàbá, mo ní ẹnìkan."

Ó wá kan Bàbá. Ojú rẹ̀ yọ. "O ní kí ni?"

"Káfíńtà ni. Òun ló kan àwọn àga tí ẹ fẹ́ lọ jókòó lé lórí."

Bàbá àti Màmá Fèrèsé wo ara wọn.

"Àga yẹn mà dáa o," ni Màmá Fèrèsé wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yìn kì í dun èèyàn lórí rẹ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" ni Bàbá bi í.

"Ọ̀pá yín ni, Bàbá."

Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ti ń yí okùn ohun èlò orin, wọ́n ń wá ohùn tí yóò bá ara wọn mu.

"Ibo ló wà báyìí?"

"Ibùdókọ̀. Mọ́tò rẹ̀ máa gbéra ní ìrọ̀lẹ́ yìí."

Aago lù pé eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ń retí kí Bàbá bínú, tàbí kó súre, tàbí kó bi í bóyá ọmọkùnrin náà níṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Bàbá ò ṣe ọ̀kankan. Ó sún sẹ́yìn, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì na ọwọ́ bó ṣe máa ń nà án látọjọ́ tó ti dáyé. Àmọ́ kì í ṣe inú gbọ̀ngàn ló na ọwọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀nà ìta ni.



Nígbà tí àwọn méjèèjì wọlé tán, ọ̀dọ́mọbìnrin náà yọ fóònù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àárọ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò tíì lọ síbì kankan. Mi ò lè fi Bàbá sílẹ̀. Ó kà á bí ìgbà tí èèyàn ń ka ìwé ẹlòmíràn. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wọn, ó rò ó nínú ara rẹ̀, òun àti Bàbá ló sì jọ ń fara tì í. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó kọ "Mò ń bọ̀," ó sì fi ránṣẹ́ kó tó tún ráyè sunkún lé e lórí.

"Gbogbo èèyàn ti wọlé," ni Aláwàdà wí láìbi í ní nǹkan kan, ó gba ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Máa lọ. Màá bá ọ tọ́jú àwọn ọmọ rẹ."

Ó dé iwájú géètì tí wọ́n ń gbà jáde, ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá nǹkan nínú àpò, káàdì ni àbí fóònù, ohun tí yóò fi han ojú ẹ̀rọ kó lè jẹ́ kó kọjá. Ó wá rántí.

Ó yọ ọwọ́ lófìfo, ó ń rìn lọ bá a.