Èéfín Tó Ń Mí Lábẹ́ Ilẹ̀kùn

Ọkọ mi kì í rí aṣọ kó má ká a. Télọ̀ ni, a ò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n àkísà tí a fi ń kun àga lóróró kì í ṣe aṣọ, mo sì ti sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí. Nígbà tó gbọ́ pé oníbàárà kan ń bọ̀ wá wo àga rẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù láti bá mi tún un ṣe. Ó kó àwọn àkísà tí mo sá lọ́kọ̀ọ̀kan sórí wáyà, ó ká wọn dáadáa, ó tò wọ́n sínú páálí, ó gbé páálí sí yàrá fóòmù, níbi tí a ń kó tìmùtìmù àga sí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Kò sọ fún mi. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo tó gbọ́, nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù wa gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iwájú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, yàrá fóòmù wà láàárín, yàrá Bàbá wa ló sì kángun sí ẹ̀yìn. Bàbá ló kọ́ mi níṣẹ́ káfíńtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo báyìí, etí rẹ̀ sì ti ń di, ó sì máa ń sùn lọ́sàn-án. Inú yàrá fóòmù ló ń gbà jáde. Kò sí ọ̀nà mìíràn ní yàrá rẹ̀, àfi fèrèsé onírin tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ panápaná, wá kí wa lọ́jọ́ kejì náà. Bàbá kò fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn rárá. Ó ní irú ọmọbìnrin wo ló ń sá wọ ibi tí eku ń sá jáde. Bí àbúrò mi bá sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, èmi ni Bàbá á kọjú sí, á ní, "Kí ló wí?" Etí tó di sí i yẹn, ti àìsàn kọ́.

Mo ti dirun fún àbúrò mi dé ìdajì orí níwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí òórùn òróró tó ń jó gbá wa nímú. A bojú wẹ̀yìn. Gíláàsì kékeré ara ilẹ̀kùn yàrá fóòmù ti dúdú. Èéfín ń yọ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó dúró díẹ̀, ó sì tún fà padà wọlé. Mo gbé òòlù ńlá, mo sáré lọ síbẹ̀. Àbúrò mi gbá mi lọ́wọ́, òòlù bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣí i."

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? Bàbá wà lẹ́yìn ibẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ó ń mí."

"Mi ò rí iná kankan. Èéfín lásán ni, mo lè sá gba inú ẹ̀ kọjá."

"Kì í ṣe èéfín lásán. Fóòmù tí ò jó tán ló wà nínú ẹ̀. Iná yẹn ní oúnjẹ, ó ní ooru, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń wá. Ẹ bá ṣílẹ̀kùn báyìí, ẹ̀yin lẹ gbé e fún un. Gbogbo yàrá á gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu ọ̀nà tí ẹ dúró sí ló sì máa gbà jáde."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí. Ọmọ tí mo pọ̀n ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ọkọ mi, tó ń rán aṣọ níta, ti sáré wọlé. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Àkísà yẹn ni. Mo kó wọn sínú páálí."

Àbúrò mi ní, "Àwọn náà ni. Òróró yẹn máa ń mú ooru wá bó bá ń gbẹ. Lórí wáyà, afẹ́fẹ́ á gbé ooru yẹn lọ. Nínú páálí, kò ríbi gbà."

Láti kékeré ni mo ti ń sá àkísà. Bàbá ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí, ó kàn ní òfin ṣọ́ọ̀bù ni. Àbúrò mi ti ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní kí ọkọ mi bọ́ sí títì, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Ó fà mí lọ́wọ́, a sá yípo ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Bàbá ti jí. A rí i láàárín irin fèrèsé, ó ń wúkọ́, ó ń tọ ilẹ̀kùn yàrá fóòmù lọ.

"Bàbá, ẹ má ṣílẹ̀kùn," àbúrò mi pariwo.

Bàbá yíjú sí mi. "Kí ló wí?" Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi ìdábùú ilẹ̀kùn.

Àbúrò mi di apá mi mú. "Ẹ bá mi sọ fún un. Tiyín ló ń gbọ́."

Bí mo bá ní kó dúró, tí ọmọ yìí sì ṣàṣìṣe, ẹnu ara mi ni mo fi ti bàbá mi mọ́nú iná. Mo wo àbúrò mi. Irun rẹ̀ dì lápá kan, ó fọ́n ká lápá kejì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúró gbọn-in. Kì í ṣe ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

"Bàbá, ẹ má ṣílẹ̀kùn," ni mo wí. "Ẹ fẹ̀yìn ọwọ́ kàn án."

Ó fi kàn án, ó sì fà á padà kíá. "Ó gbóná."

Láti ibẹ̀, àbúrò mi ń sọ ọ́ sí mi létí, èmi ń pariwo rẹ̀ sí Bàbá. Kó fi aṣọ ìbora dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Kó wá sídìí fèrèsé. Kó jókòó sílẹ̀, torí òkè ni èéfín ń lọ. Ó ń ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kùn.

"Ilẹ̀kùn yẹn nípọn, ó máa dúró díẹ̀," àbúrò mi wí. "Díẹ̀ ni o. Báwo la ṣe máa yọ irin yìí?"

Èyí wá kàn mí. Bàbá ló kan fèrèsé yẹn, kò sí ìṣó kan nínú rẹ̀. Ó máa ń yangàn pé olè kankan ò lè yọ ọ́. Inú pákó ìsàlẹ̀ ni gbogbo irin náà ti fìdí múlẹ̀, èèkàn igi méjì ló sì di pákó náà mú. Ọ̀dà ti bò wọ́n, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbẹ́ wọn. Mo ki ọ̀pá irin tó wà nílẹ̀ bọ ojú èèkàn àkọ́kọ́, mo fi òkúta lù ú, èèkàn yọ. Mo lu ìkejì, kò mira.

"Ibẹ̀ kọ́," Bàbá wí láti inú èéfín. "Sókè díẹ̀. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?"

Ẹni tí iná wà lẹ́yìn rẹ̀ tún ń wá àléébù iṣẹ́. Mo lù ú sókè díẹ̀, ó yọ. A fa pákó náà kúrò, irin tú sílẹ̀, a fa Bàbá jáde lápá, a gbé e dé ìdí ògiri tó wà ní òpin ẹ̀yìnkùlé. A ò tíì gbé e jókòó tán nígbà tí a gbọ́ tí gíláàsì fọ́ nínú ilé. Èémí kan péré ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú gbàù, ilẹ̀ mì lábẹ́ wa, iná sì gba iwájú jáde.

Nígbà tí àwọn panápaná pa á tán, wọ́n jẹ́ kí n yọjú. Ilẹ̀kùn yàrá fóòmù ti kúrò láyè rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ ní iwájú ṣọ́ọ̀bù. Orí òòlù mi wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí mo dúró sí.

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá. Ọkọ mi ti bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ fún un, kò sì ká a. Bàbá di ọwọ́ mi mú. "O ṣeun, ọmọ mi. Ká ní o ò sọ fún mi ni."

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Bàbá. Ohùn mi lẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni."

Bàbá wo àbúrò mi, ó wo irun tí mi ò dì parí.

"Wá sọ ọ́ fún mi fúnra ẹ."

Àbúrò mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè rárá. "Bàbá, ẹ má ṣílẹ̀kùn."

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí.