Ta Ló Kọ́kọ́ Ní Kó Má Lọ?

"Dá a padà díẹ̀," ni olùkọ́ wí.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá a ṣèwádìí dá ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà padà. Ó ti pẹ́ tí olùkọ́ ti ń wá ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin kì í fi í dé yunifásítì, òun ló sì gbé ìbéèrè kan tó máa ń le fún àwọn òbí láti dáhùn kalẹ̀: ta ló kọ́kọ́ ní kó má lọ?

"Èmi ni," ni obìnrin kan dáhùn láàárín ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ. "Bàbá ẹ̀ ti gbà. Èmi ni mo fẹ́ kó dúró bá mi ránṣọ. Ó dàgbà gan-an kó tó padà ríwèé kà. Ṣebí ẹ ní ẹ kì í dárúkọ èèyàn?"

Kò sí orúkọ lóòótọ́, àmọ́ ta ni ò ní í dá ohùn ìyá ẹ̀ mọ̀? "Bàbá ẹ ló ní o ò ní í lọ." Ohun tí ìyá yìí sọ fún un nígbà náà nìyẹn, ó sì bá a sunkún. Látìgbà yẹn, ìkíni nìkan ló kù láàárín òun àti bàbá ẹ̀, títí bàbá fi kú.

Olùkọ́ ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó gba ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹ̀ lọ.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n mi dé," ni ìyá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé bọ́tìnnì ló tún já ni?"

"Màámi, ta ló kọ́kọ́ ní kí n má lọ?"

Ẹsẹ̀ ìyá dúró lórí ẹ̀rọ. "Ọmọ tó wá bi mí léèrè yẹn, ọ̀dọ̀ ẹ ló ti wá?"

"Ẹ sì jẹ́ kí n máa bínú sí Bàámi títí wọ́n fi kú."

"Mo fẹ́ sọ nígbà tó yá. Bàbá ẹ ni wọ́n ní kí n má sọ." Ìyá ń fọwọ́ tẹ́ aṣọ tí kò ká. "Wọ́n ní kó o máa bínú sí àwọn, kó o lè rí ẹnì kan fẹ́ràn nínú àwa méjèèjì."

Ọ̀rọ̀ náà dun olùkọ́ wọnú eegun. Ẹni tó ti ń finú hàn láti kékeré ló dalẹ̀ ẹ̀, bàbá ò sì sí mọ́ kó lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀.

"Wàá yọ ọ̀rọ̀ mi kúrò nínú ìwé ìwádìí ẹ, àbí?" ni ìyá bi í.

Olùkọ́ dìde. "A ò ní í yọ ọ́. A kì í dárúkọ èèyàn. Ẹ ṣeun tí ẹ dá wa lóhùn."

Bó ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nìyẹn. Kò fi Màámi kún un.